Ẹni Tó Ń Lọ Sí Erékùṣù, Ẹlẹ́yẹlé Wà Lẹ́yìnkùlé Rẹ̀

Nígbàkígbà tí àsìkò ọlidé ọlọ́jọ́ gbọọrọ bá ti ń sún mọ́lé, irú ìpolówó kan wà tí ó máa ń gba orí fóònù àwọn ará Jẹ́ríkò, ní ìlú Ìbàdàn. Àwòrán omi aláwọ̀ aró ni ó máa ń wà níbẹ̀. Igi àgbọn yóò fì sí etí òkun, ìdílé kan yóò sì jókòó sórí iyanrìn tí ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Zanzibar ni. Bí kì í bá ṣe Zanzibar, Mauritius ni, tàbí Seychelles. Owó ọkọ̀ òfuurufú, owó ilé ìtura, owó oúnjẹ òwúrọ̀ àti owó ọkọ̀ tí yóò gbé àlejò káàkiri, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò pọ̀ sójú kan, wọ́n sì ní ènìyàn lè san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí apá wọn ká a ń san án. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá wọn wí. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ kára ní ẹ̀tọ́ láti sinmi níbi tí ó bá wù ú, ọmọ tí ó bá sì rí òkun lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè ni ohun tí wọ́n ń fi owó náà rà gan-an. Bí àwọn arìnrìn-àjò náà bá padà dé, tí wọ́n ń ròyìn fún ará ilé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé gogoro ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n á ní àwọn wọ ọkọ̀ àjẹ̀, àwọn rìn lábẹ́ igi ńlá, àwọn rí ọ̀bọ onírun pupa, àwọn jẹ ẹja tí apẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ kó tòkun bọ̀. Omi, igi, ẹyẹ àti afẹ́fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀, láti Jẹ́ríkò, bí ènìyàn bá kọrí sí ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi dé ibi tí omi wà, tí igi wà, tí ẹyẹ wà, tí apẹja sì wà nínú ọkọ̀. Ọmọ Jẹ́ríkò kan lè ti wẹ̀ nínú òkun Íńdíà kí ó má tí ì rí adágún Ẹlẹ́yẹlé rí, àfi láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tí ń sáré kọjá lọ.

Kí ọ̀rọ̀ má baà di èyí tí wọn yóò ṣì gbọ́: kò sí ẹni tí ń sọ pé kí àwọn ènìyàn pa Zanzibar tì, kí wọ́n kó ọmọ lọ sí Ẹlẹ́yẹlé lọ́la. Bí adágún náà ti wà lónìí, abiyamọ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kò ní kó ọmọ lọ síbẹ̀ lọ ṣeré. Kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ gidi tí ènìyàn lè gbà rìn yí i ká, kò sí àga, kò sí ọgbà tí yóò dá ọmọdé dúró níbi tí omi ti jìn. Pàǹtírí wà níbi tí ó yẹ kí koríko wà. Ojú omi tí ìbá máa dán, ojú oró àti àwọn èpò omi mìíràn a máa bò ó mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni ìdí tí irú nǹkan tí ń pa owó wọlé fún ẹlòmíràn fi di ẹrù àti ewu ní Ìbàdàn.

Ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé Ọlọ́run ni ó fún àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn ní tiwọn. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Erékùṣù kékeré kan wà nítòsí ìlú Zanzibar tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Changuu. Ní ayé àtijọ́, ẹrú ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀wọ̀n síbẹ̀ ní 1893, ẹ̀wọ̀n tí kò rí ẹlẹ́wọ̀n gbà. Ibi tí wọ́n ń ya àwọn tí ó bá ti ojú òkun kó àìsàn wá sọ́tọ̀ sí ni ó padà dà. Ní 1919, wọ́n fi ìjàpá ńlá mẹ́rin ránṣẹ́ síbẹ̀ láti Seychelles gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Àwọn ìjàpá náà bí sí i. Nígbà tí olè fẹ́rẹ̀ẹ́ jí wọn kó tán, wọ́n wá òmíràn kún wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Lónìí, owó ni àlejò ń san kí ó tó lè fún wọn ní ewé jẹ. Ilé ẹrú, ẹ̀wọ̀n òfìfo àti ìjàpá àjèjì mẹ́rin: kò sí èyí tí ó já bọ́ láti ọ̀run níbẹ̀. Ìtọ́jú ni. (Yorùbá tí ó ti ń pa àlọ́ ìjàpá láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò tí ì rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.)

Ti Chumbe tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Erékùṣù ni òun náà, kò jìnnà sí Zanzibar, ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1904. Lábẹ́ omi etí rẹ̀ ni àpáta iyùn wà, ìbátan iyùn tí àwọn ìyàwó ilẹ̀ Yorùbá ń so sọ́rùn, àràmàǹdà ẹja sì ń wọ́ tìrítìrí láàárín rẹ̀. Ní 1994 ni ìjọba sọ ibẹ̀ di ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti pẹja. Ẹni tí ó bá mọ bí ayé ṣe ń lọ yóò ti mọ̀ pé àwọn apẹja kò ní fẹ́ gbọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ta ni pé àwọn apẹja abúlé ìtòsí gan-an ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ omi náà. Wọn kò gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣàlàyé fún àwọn apẹja ẹgbẹ́ wọn pé ẹja tí ó bá rí ibi ìsinmi bí sí yóò pọ̀ sí i, yóò sì wẹ̀ kọjá ààlà wá bá àwọ̀n wọn. Ẹni tí ó ti fi omi jẹun ni ó ń bá ẹni tí ń fi omi jẹun sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì wọlé. Ilé méje péré ni wọ́n kọ́ fún àlejò. Omi òjò ni wọ́n ń lò, láti ara oòrùn ni wọ́n sì ti ń rí iná. Owó tí àwọn àlejò olówó ń san wà lára ohun tí wọ́n fi ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé Zanzibar lọ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè mọ òkun tí wọ́n bí wọn sí etí rẹ̀.

Zanzibar kì í ṣe ọ̀run. Àwọn ilé ìtura ńlá ti gba etí òkun ní ibi púpọ̀, ọmọ onílé tí kò lówó lọ́wọ́ sì ń wo omi ìlú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Chumbe fi hàn pé ohun mẹ́ta ni ó ń sọ omi àti igi di ibi tí ènìyàn ń fẹ́ lọ: ààlà tí gbogbo ayé mọ̀, àwọn ará ibẹ̀ tí ń jẹ nínú ìtọ́jú rẹ̀, àti ọmọdé tí wọ́n gbà láàyè láti wọlé.

Nàìjíríà ní irú rẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n wo ohun tí ó fi tirẹ̀ ṣe. Tarkwa Bay wà ní Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èrò ń wọ̀ débẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń to òkúta sínú òkun kí ọkọ̀ ńlá lè rọ́nà wọ èbúté Èkó ni etí omi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ náà wáyé. Àwọn ènìyàn tẹ̀dó síbẹ̀. Wọ́n ń ya àga fún àlejò, wọ́n ń dín ẹja, wọ́n ń wa ọkọ̀. Àwọn ọmọ wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pátákó gun ìgbì òkun, débi pé àwọn àjèjì ń ti òkèèrè wá bá wọn gùn ún. Ní oṣù Kínní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi dé, wọ́n ní àwọn kan ń fọ́ ọ̀pá epo lágbègbè náà, wọ́n sì lé àwọn ará ibẹ̀ jáde kúrò nínú ilé wọn. Nǹkan bí 4,500 ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bí olè bá wà ní àdúgbò kan, ilé-ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé olè lọ. Wọn kì í lé gbogbo àdúgbò. Etí omi náà ṣì wà níbẹ̀, àlejò ṣì ń lọ. Àwọn tí ó sọ ọ́ di ibi àlejò ni ìyà jẹ.

Ìbàdàn kò ní òkun, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni àwọn aláṣẹ fi ń wo omi àti igi níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìgbafẹ́, ohun tí ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni kọnkéré, géètì, tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ jáńgílófà. Ẹ̀rọ a máa dípẹtà, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó gun ẹ̀rọ Transwonderland nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ṣe mọ̀ dáadáa. Igi kì í dípẹtà. Ọgbà Agodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 fún ẹranko àti igi, ni omi Ògùnpa ya wọ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, tí ó bà á jẹ́ kọjá àlà. Ó di 2014, lábẹ́ ìṣàkóso Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí, kí wọ́n tó tún un ṣe tí wọ́n sì ṣí i padà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá débẹ̀ ní ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí lẹ́yìn ọjọ́ Kérésìmesì yóò rí èrò tí ó dúró gbalasa, ìyá, bàbá, ọmọ, àwọn ọ̀dọ́ tí ń ya fọ́tò. Èrò náà ni ẹ̀rí pé ará Ìbàdàn fẹ́ràn ìta gbangba; ibi tí yóò lọ ni kò tó. Àwọn àgbà tí ó ti lọ wo Aruna àti Imade, àwọn ìnàkí ńlá méjì ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, lè jẹ́rìí sí i pé kì í ṣe òní ni ìfẹ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kò pariwo. Ní 1958, Elgood, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tí ó ṣì jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì, kọ̀wé nípa ẹyẹ kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò tí ì fún lórúkọ. Ìbátan ẹ̀gà ni. Ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ sì pupa. Malimbus ibadanensis ni orúkọ tí ó sọ ọ́, ìyẹn ni pé ẹyẹ náà ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn. Nínú gbogbo àgbáyé, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kò sì pọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú ibi tí ó kù sí ni igbó tí ó wà nínú ọgbà IITA, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Oko àwọn àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà kí ilé-iṣẹ́ ìwádìí yìí tó dé ní 1967. Wọn kò gbin igbó síbẹ̀. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ, igbó sì hù fúnra rẹ̀. Àwọn tí ń wo ẹyẹ ń gun ọkọ̀ òfuurufú wá nítorí rẹ̀. Ní Jẹ́ríkò, ẹni mélòó ni ó mọ̀ pé ẹyẹ kan wà tí ń jẹ́ orúkọ ìlú òun?

Ó yẹ kí Jẹ́ríkò mọ̀, nítorí orí òkè Jẹ́ríkò gan-an ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, FRIN, wà láti 1954. Àwọn tí ó mọ igi jù ní Nàìjíríà ló ń jí lọ síbẹ̀ lárààárọ̀. Àwọn òyìnbó amúnisìn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àdúgbò náà fẹ́ràn igi, wọ́n sì fi ààyè gbọọrọ sílẹ̀ láàárín ilé sí ilé. Ààyè náà ń tán lọ. Wọ́n ń wó ilé kan, wọ́n ń gé igi rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ilé mẹ́fà síbẹ̀ pẹ̀lú ọgbà gíga. Odi Jẹ́ríkò inú Bíbélì wó nígbà tí wọ́n fun fèrè. Odi Jẹ́ríkò ti Ìbàdàn kò mọ̀ ju kí ó máa ga sí i lọ.

Ẹlẹ́yẹlé ni ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo èyí. Ní 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà kí ìlú lè rí omi mu, omi náà sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Ìbàdàn, ọgbọ̀n ọdún gbáko kí ti Aṣéjire tó dé ní 1972. Wọ́n dá igbó sí yí i ká. Igbó náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Gbòǹgbò igi ni ó ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má baà gbá iyẹ̀pẹ̀ wọ inú adágún, ewé tí ó bá wọ́ sílẹ̀ ni ó sì ń dá eré àgbàrá dúró. Bí wọ́n bá gé igi náà, adágún yóò máa kún fún ẹrẹ̀. Adágún tí ó bá kún fún ẹrẹ̀ kò ní ààyè fún omi. Bí òjò ńlá bá sì dé, omi yóò wá ààyè níbòmíràn.

Ó wá a ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011. Òjò wákàtí díẹ̀ ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú ní Ìbàdàn, Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, afárá Apẹ̀tẹ̀ sì lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn oníṣòwò tí ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ di ẹni tí ó dúró sí etí kan tí ń wo etí kejì. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní yíyá fún ètò ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn, àtúnṣe ìsédò Ẹlẹ́yẹlé sì wà lára iṣẹ́ náà. Gbèsè ni, àwọn ọmọ tí wọ́n kò tí ì bí nígbà omíyalé náà ni yóò san nínú rẹ̀. Kọnkéré ìsédò lè dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n kọnkéré kò lè ṣe iṣẹ́ igbó.

Àwọn kan yóò ní kí ló kan ìgbafẹ́ nínú èyí, nígbà tí ebi ń pa ará ìlú. Ó kàn án, nítorí ohun tí ará ìlú kò bá fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, kò ní mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀, kò sì ní pariwo nígbà tí wọ́n bá ń pín in. Wọ́n ti gé púpọ̀ nínú igbó Ẹlẹ́yẹlé láìsí ẹni tí ó bi wọ́n pé kí ló dé, nítorí kò sí ẹni tí ó ní ìrántí kankan níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé Ìbàdàn ti kọ́ orúkọ igi, tí àwọn ọkọ àti aya ti máa ń rìn ní ìrọ̀lẹ́, igi àkọ́kọ́ kò ní wó kí gbogbo rédíò ìlú má sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ebi náà sì nìyí: olówó Jẹ́ríkò ní igi nínú ọgbà, ó ní Zanzibar. Ọmọ tí ó wà ní Bẹẹrẹ tàbí Mọ́kọ́lá, nínú yàrá kan tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí, títì ni pápá rẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín mọ́tò. Ta ni ìta gbangba ṣe pàtàkì fún jù nínú àwọn méjèèjì?

Ewu tí ó wà ní ìdàkejì kò kéré. Ìjọba lè jí lọ́jọ́ kan kí ó ní òun ti gbé etí omi fún oníṣòwò kan láti kọ́ ilé ìtura olówó ńlá, kí wọ́n sì lé apẹja àti onílé kúrò gẹ́gẹ́ bí ti Tarkwa Bay. Ìyẹn kọ́ ni ìtọ́jú. Àwọn tí ó kọ́lé sí etí adágún kì í ṣe ọ̀daràn gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ni ó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ní òun ni onílẹ̀. Ibi tí omi yóò ti pa wọ́n, kí wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n san owó fún wọn, kí wọ́n fún wọn nílẹ̀ níbòmíràn kí wọ́n tó gbé katakata dé. Ibi tí kò sí ewu, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹyọ ilé kan kún un.

Ohun tí ó kù kò wọ́n tó bí àwọn aláṣẹ ṣe máa ń rò. Kí wọ́n ri òpó ààlà tí ojú lè rí, kí àwọn onímọ̀ orí òkè Jẹ́ríkò sì yan igi tí wọn yóò gbìn síbẹ̀, torí pé ìsọ̀kalẹ̀ òkè lásán ni ọ̀nà wọn. Kí wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀ erùpẹ̀ lábẹ́ igi, kì í ṣe títì ọ̀dà. Omi mímu ni, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ elépo wọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni kí àlejò wọ̀, kí apẹja ibẹ̀ máa wà á, kí owó sì wọ àpò rẹ̀. Kí ọmọ ilé-ìwé ìjọba má san kọ́bọ̀.

Àwọn apẹja náà ni ó mọ ibi tí omi ti jìn, ibi tí ẹrẹ̀ ti gbé pẹ̀lẹ́bẹ̀, ibi tí epìyà ń yé sí àti oṣù tí èpò omi máa ń gbòòrò. Kò sí ìwé ìjọba tí ó ní ìmọ̀ náà nínú. Bí ẹnikẹ́ni ní Sẹkitéríàtì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí ó sì lọ ní kùtùkùtù, nítorí bí oòrùn bá ti mú, wọ́n ti ta ẹja tán, wọ́n ti relé.